Ọ̀rẹ́ tí mo pàdé lórí Facebook kọjá lára mi bíi pé òpó iná ni mí

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Inú ń bí mi gan-an, tọ́rọ̀ mi bá gùn ẹ má bínú. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, ìlú ọkọ mi ni, mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ ju ìyá ọkọ mi lọ, ìyẹn náà ò sì rẹ́rìn-ín. Inú gúrúùpù àwa tá à ń ta gàrí lórí Facebook ni mo ti pàdé ọ̀rẹ́ mi yìí, Ṣàgámù ló ń gbé, la bá bọ́ sórí WhatsApp. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Ó mọ ọjọ́ tọ́mọ mi yọ eyín. La bá ṣàdéhùn pé ká ríra ní Ojúde Ọba. Mo san 4,000 náírà fẹ́ni tó we gèlè fún mi, gèlè tó fún mi lórí bí okùn. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo jí rin ewùrà torí ó ní òun ò jẹ ìkọ́kọrẹ́ rí, ìka mi ṣì ń ta mí níbi tí irin ti bó o. Mo rí i kòrókòró nígbà táwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá, mo juwọ́ sí i. Ó wò mí, ó kọjá! Mo délé mo kọ ọ́ sí i pé èmi aláṣọ pupa tó juwọ́ ni, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún ó ti blọ́ọ̀kì mi. Kí ni mo ṣe?

ALÁGBO ṢÀGÁMÙ: Pẹ̀lẹ́ o. Ẹni orí fóònù ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ọ̀kan sọ fún mi pé Jámánì lòun wà, ọjọ́ kan mo gbọ́ tí kọ̀ndọ́ ń pe “Ìbàfọ̀ wọlé!” lẹ́yìn rẹ̀.

BỌ̀DÁ TÍSÀ: Ṣé ẹ ti ṣe fídíò kọ́ọ̀lù rí?

ỌMỌ ALÁRÉ: Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni kẹ́ ẹ bi ìyá ọkọ yín, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin wà níbẹ̀, ọjọ́ orí la fi ń pín in. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rẹ́ 5,000 lórí Facebook, ìyẹn gan-an ni Facebook ò jẹ́ kéèyàn kọjá, ọjọ́ tó ń kẹ́rù kúrò ní Ìperu ẹni méjì ló wá.

ALÁGBO ṢÀGÁMÙ: Ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ máa dáwó aṣọ títí ẹ ó fi jẹ gbèsè?

ỌMỌ ALÁRÉ: Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ìkọ́kọrẹ́ yẹn ló dùn mí jù. Àwọn ọmọ aládùúgbò ló jẹ ẹ́.

BỌ̀DÁ TÍSÀ: Mo ní ṣé ẹ ti ṣe fídíò kọ́ọ̀lù?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Dátà wọ́n. Mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀.

SISÍ ÒDÒGBOLÚ: Àǹtí, mo wo pùrófáìlì yín. Ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wà níbẹ̀.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa, a jọra! Látìgbà tí mo ti bí ọmọ kejì mi ò ya fọ́tò mọ́. Kò kúkú kan ẹnikẹ́ni.

SISÍ ÒDÒGBOLÚ: Ha!

BỌ̀DÁ TÍSÀ: Obìnrin yẹn kúrò ní Ṣàgámù, ó ń wá ojú àbúrò yín kiri láàárín èrò. Ẹ ní ó kọjá yín.

ALÁGBO ṢÀGÁMÙ: Èmi náà á blọ́ọ̀kì yín. Yàhúù ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Kò ní ju kó fi fọ́tò yẹn sí Google Lens kó rí i lójú ìwé àbúrò yín.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Èmi? Yàhúù? Kọ́bọ̀ mi ò gbà lọ́wọ́ ẹ̀! Nǹkan tó kọ kẹ́yìn ni pé “Ta ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?” Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

SISÍ ÒDÒGBOLÚ: Ṣé ó ṣì wà nínú gúrúùpù gàrí yẹn?

ÌYÁ BỌ́LÁ: Ó wà ńbẹ̀. Ó polówó gàrí láàárọ̀ yìí.

SISÍ ÒDÒGBOLÚ: Ẹ ya ojú yín báyìí, ẹ fi rọ́pò ti àbúrò yín, kẹ́ ẹ wá bi í léèló ni kóńgò.

ÌYÁ BỌ́LÁ: Báyìí kẹ̀? Mi ò tíì dirun.

BỌ̀DÁ TÍSÀ: Pẹ̀lú irun yẹn náà ni.