Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìdánwò àwọn tó fẹ́ di tíṣà iṣẹ́ rírán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkúrẹ́ ni mo wà, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà aṣọ rírán ni mo ń kọ́. Mo ṣe ìdánwò kan fún wọn, ìbéèrè 40, kí wọ́n mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn gba 36. Nígbà tó délé ìwé tó lọ fi kọ́ṣẹ́, òwú lọ́ pọ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ọmọ kan. Ó ní kí ọmọ náà dìde, ó jókòó síbẹ̀, ó tú òwú, ó tún un kì. Ẹ̀yìn tíṣà nìkan lọmọ yẹn rí. Ọkàn mi ò balẹ̀ látọjọ́ náà. Kí ni ìdánwò mi ń wọ̀n gan-an?

Bàbá Káfíńtà, Oǹdó: Ìmọ̀ iṣẹ́ ló ń wọ̀n, Ẹ̀gbọ́n. Fífi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́ tún yàtọ̀. Ẹ da òwú ẹ̀rọ rú fúnra yín, kí ẹ wá máa wo tíṣà. Ṣé ó bi ọmọ ní ohun tó rí? Ọwọ́ ta ló wà lára ẹ̀rọ? Ibẹ̀ ni kí ẹ fi máàkì sí.

Tíṣà Alágbàká: Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ohun tí ẹ fẹ́ fi máàkì sí fáwọn ọ̀gá télọ̀ àtàwọn olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí kálukú sọ èyí tó pọn dandan. Ìṣirò tí Lawshe gbé jáde ní 1975, láti fi wọn bí àwọn onímọ̀ ṣe fẹnu kò tó pé nǹkan kan pọn dandan, wúlò níbẹ̀: ẹ yọ ìdajì iye wọn kúrò nínú iye àwọn tó ní ó pọn dandan, kí ẹ fi ìdajì yẹn pín èyí tó kù. Bí 8 nínú 10 bá gbà, 0.6 ni. Èyí tó kéré jù tí wọ́n lè gbà fún ẹni 10 sì jẹ́ 0.62, ó kù díẹ̀ káàtó. Àfi kí 9 gbà.

Ìyá Rírán: Kí ẹni méjì máa fún wọn ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o! Mo fún tíṣà kan ní 7 rí, ẹnìkejì mi fún un ní 3. "Ó ṣàlàyé dáadáa" la kọ sínú ìwé máàkì. Ohùn tó já gaara lèmi ń gbọ́, ọmọ tó lè dá a ṣe lòun ń wá. A yí i sí "ọmọ tún un ṣe láìsí ìrànlọ́wọ́", máàkì wa wá ń súnmọ́ra.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo máa da òwú rẹ̀ rú. Mà á padà wá sọ bó ṣe lọ.