Ṣé okùn yíká ìtẹ́ ẹyẹ kò tó ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye. Ní Cape Hatteras, ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ gba ìwé àṣẹ láti wakọ̀ létíkun tán, wọ́n a tún ti apá kan etíkun pa nígbà ooru nítorí ẹyẹ tó ń yé níbẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kàn fi okùn yí ìtẹ́ ká?

Èsì 1: Okùn tó nígbà tó ṣì jẹ́ ẹyin. Àmọ́ ọmọ plover, ẹyẹ kékeré kan tó ń yé sórí iyanrìn etíkun, kì í jókòó sínú ìtẹ́. Kò ju wákàtí díẹ̀ lọ tó ti máa ń rìn lọ wá oúnjẹ létí omi, ó sì lè tó ọjọ́ 25 sí 35 kó tó lè fò. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ńṣe ló máa ń lúgọ sínú ipa táyà, láìmira, àwọ̀ rẹ̀ bí iyanrìn gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń rọra wakọ̀ gan-an lè má rí i.

Èsì 2: Ẹ má gbàgbé ìjàpá òkun o! Ẹyin rẹ̀ ń lo nǹkan bí oṣù méjì nínú iyanrìn, alẹ́ lọmọ sì sábà máa ń jáde. Iná ọkọ̀ ń ṣì í lọ́nà. Bó bá já sínú ipa táyà tó jìn, á máa tọ̀ ọ́ lọ gbọọrọ, ó sì lè má dé omi. Ẹ dí ihò tẹ́ ẹ bá gbẹ́, kẹ́ ẹ tó lọ.

Èsì 3: Ó dun awakọ̀ lóòótọ́, pàápàá bí wọ́n bá dí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ yẹ máàpù wò láàárọ̀, torí ààlà ibi tí wọ́n tì ń yí bí ọmọ ẹyẹ ṣe ń rìn. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí 20 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Táyà líle ló ń gbẹ́ ipa jíjìn. Bó bá rì, ẹ má fi agbára yí i, ẹ fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn iwájú rẹ̀.