Kámẹ́rà tó dojú kọ ilẹ̀: mo ti rí ojútùú rẹ̀

Ẹ kú sùúrù o. Ẹ rántí pé mo béèrè bí mo ṣe lè gbé kámẹ́rà 4x5 (kámẹ́rà ńlá tó ń lo fíìmù pẹlẹbẹ oní-ínǹṣì mẹ́rin sí márùn-ún) kọ́ sókè tábìlì, kí ó máa wo ìsàlẹ̀ láìmì. Ó ti yanjú.

Mo pa tírípọ́ọ̀dù tì. Apá tí mo nà jáde lára rẹ̀ ló ń fa gbogbo mímì yẹn. Irin gbọọrọ kan ni mo gbé dábùú sítáńdì ńlá méjì, mo fi àpò iyanrìn tẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀, mo sì de kámẹ́rà mọ́ àárín irin náà. Mo tún fi wáyà so ó lọ́tọ̀, torí bí ìdè bá tú, orí iṣẹ́ ni yóò já lé.

Ẹni tó ní kí n tẹ́ dígí ìwojú pẹrẹsẹ sórí tábìlì, ẹ ṣeun gan-an. Bí lẹ́ńsì bá ti rí ara rẹ̀ ní àárín gbùngbùn gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, níbi tí àwòrán ti ń hàn, kò sí ibi tó yẹ̀ sí mọ́ nìyẹn. Èmi tí mo ti fi lẹ́fẹ́lì, irinṣẹ́ tí a fi ń wò bóyá nǹkan tẹ́jú, ṣòfò odindi ọ̀sán kan!

Iwájú kámẹ́rà ṣì máa ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà mo ń ti gbogbo ìdè rẹ̀ pa, mo sì ń tún fókọ́ọ̀sì wò kí n tó ki fíìmù bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ya nǹkan ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, lẹ́ńsì 150mm fa ẹwìrì kámẹ́rà (awọ kíká tó wà láàárín lẹ́ńsì àti ẹ̀yìn rẹ̀) dé 300mm, ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù nílò sì di ìlọ́po mẹ́rin.

Àkàbà ni mo ń gùn kí n tó rí gíláàsì. Orúnkún mi ló ń ráhùn báyìí.