Èsì: “ìbọn yìnyín” kẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o.

Mo rí ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn kọ lánàá, pé “ìbọn yìnyín” ni ká máa pe ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín sórí òkè síkì, ìyẹn òkè tí wọ́n ti ń fi pátákó ẹsẹ̀ yọ̀ gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, àti pé “ìgbálẹ̀-yìnyín” ni iṣẹ́ títún òkè náà ṣe lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìgbà òtútù mẹ́fà ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ yìí ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, mi ò tíì rí ìbọn kankan níbẹ̀. Òyìnbó ló pè é ní ìbọn, ṣé dandan ni ká bá a gbé e? Omi àti afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. À ń fín in ni. Wayne Pierce àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣe é ní Connecticut lọ́dún 1950, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà àti rọ́bà omi ọgbà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. “Fín” ló yẹ kó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ìfín-yìnyín wá ńkọ́? Rárá. Yìnyín lèyí tó máa ń ja páànù wa lójú òjò, tí à ń sáré ṣà jẹ. Bíbélì àwọn bàbá wa ya òjò-dídì sọ́tọ̀ kúrò lára yìnyín, nínú ẹsẹ kan ṣoṣo nínú ìwé Jóòbù. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo “òjò-dídì” fúnra rẹ̀. Èyí tó ń ti ọ̀run bọ̀, oru omi ló ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ nínú ìkùukùu títí yóò fi yọ apá mẹ́fà. Ìrì ló bá tan. Ẹni tó ń pè é ní “ìrì-dídì” ló mọ̀ ọ́n. Tiwa tó ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, ẹ̀kán omi ni, ó dì láti ìta wọnú, ó rí róbótó bí hóró. Òjò tó dì gan-an nìyẹn! Àwọn àgbà ti sọ ọ́ lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹnì kan tún bèèrè ohun tí à ń wò ká tó tan ẹ̀rọ. Àmù ìyá àgbà mi ni mo máa ń rántí. Nígbà ọyẹ́, omi inú rẹ̀ á máa ta eyín. Nígbà òjò, àmù kan náà, omi rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àmù ń làágùn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé ooru rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹ̀kán omi wa. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, a lè fín in kódà ní ìwọ̀n Celsius 1 lókè òdo. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, 1 nísàlẹ̀ òdo kò ràn wá lọ́wọ́. Ìwọ̀n òtútù tí omi máa dé lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá gbé ooru rẹ̀ lọ, “òtútù àmù” ni èmi àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Ó gbọ́dọ̀ tó -2 kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti “ìgbálẹ̀”, ta ló ń gbálẹ̀? Katapílà ni, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ń tú u, ó ń lọ̀ ọ́, òòyà rẹ̀ wá ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Yíya òkè! Òjò rọ̀ lé wa lórí ní oṣù kìíní, ọ̀gá wa ní ká ya òkè lóru ọjọ́ náà láìjẹ́ kí omi ro kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògúlùtu ló kún ibẹ̀, ó le bí òkúta. Ẹni tó fẹ́ kọ “ìyalẹ̀”, ìyẹn yíya ilẹ̀, tó wá kọ “iyale” láìfàmì sí i níjẹta, ìyálé ni gbogbo wa kà á sí. Ìyàwó mi ń bi mí pé ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lóru.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹni tó ti kúrò nílé láti 2003 kò lè kọ́ ará ilé ní Yorùbá. Ó dáa. Ṣùgbọ́n “òjò-dídí” lẹ kọ, ohùn òkè, ẹ̀ẹ̀mejì. Omi ló ń dì, ihò ló ń dí. Bí òtútù bá mú gan-an, ẹnu ẹ̀rọ wa máa ń dí lóòótọ́, èmi ni mo sì máa ń gun àkàsọ̀ lọ fi òòlù gbá a.

Àbúrò yín ní Vermont