Kókó tó yọ lẹ́yìn orúnkún àbúrò mi

Ẹ̀yin ará, ẹni tó béèrè lánàá nípa kókó itan ọmọ rẹ̀, torí tiyín ni mo ṣe ń kọ èyí.

Kúbwà níbí là ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún nígbà tí kókó kan yọ sí i lẹ́yìn orúnkún. Kò dùn ún, kò sì yára wú, ló bá fi í sílẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní ọ̀rá lásán ni. Wọ́n gé e, wọ́n sì dà á nù. Dídà tí wọ́n dà á nù yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní. Kò pé oṣù méje tó tún yọ síbẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ kejì fi ẹran náà ránṣẹ́ sí láàbù. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n oríṣìí jẹjẹrẹ tó rí bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àfi ká yẹ jíìnì inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wò. Búlọ́ọ̀kù ìda tí wọ́n fi dì í la fi ránṣẹ́ sí Íńdíà. Èsì dé: SS18-SSX, ìyẹn jíìnì méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Kúrómósómù, okùn tó gbé jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì, ló já: ti X àti ti 18, àjákù wọn wá so mọ́ra. Synovial sarcoma nìyẹn, oríṣìí jẹjẹrẹ ẹran ara kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní àmì yìí.

Bí màmá wa ṣe gbọ́ "jíìnì," ẹkún ni. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ló wá bá a jà?" Ẹ̀gbọ́n wọn tó kú ní Kánò ni wọ́n ń rántí. Dókítà fa àga sún mọ́ wọn: "Màmá, kò bá a wáyé. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ló ti já. Ẹ ò bí i mọ́ ọn, òun náà ò ní bí i mọ́ ọmọ." Màmá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ lórí fóònù, kí àwọn ẹbí bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ ọ létí ara wọn.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ti fi ìtànṣán jó ibẹ̀. Ó ṣì ń lọ ya fọ́tò àyà, torí ẹ̀dọ̀fóró ni irú rẹ̀ máa ń sá lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá gé ti ọmọ yín, ẹ bèèrè búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹran náà gbẹ, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù nínú fọ́málíìnì, oògùn olómi tí wọ́n fi ń pa á mọ́ kó má bàa jẹrà. Àyẹ̀wò jíìnì lè má jáde mọ́.

*Ìyá Ìbejì, Kàdúná:* Ẹ kú ìrọ́jú o. Tèmi, apá ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi wú, gbogbo ilé ti ń pè é ní jẹjẹrẹ. Jíìnì USP6 ni wọ́n bá níbẹ̀, tó so mọ́ òmíràn. Nodular fasciitis ni wọ́n pè é, kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, ó tiẹ̀ lè lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gé iṣan apá mi mọ́ ọn kí èsì yẹn tó dé.