Ọdún kan tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú ń pé bọ̀: báwo ni ká ṣe rántí wọn?

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ yìí, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde láyé ní oṣù keje ọdún 2025, oṣù kan náà tí Ọba Síkírù Adétọ̀nà wàjà. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ń ṣọ̀fọ̀ ọba tó ti wà lórí oyè láti 1960, àwa sì ń sunkún tiwa nínú ilé. Bọ̀ọ̀dá kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ìyá wọn ṣì wà láyé.

Nígbà tí ìyá tó bí mi kú, Bọ̀ọ̀dá ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ mú mi wá. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Télọ̀ ni wọ́n, aṣọ ọkùnrin ni wọ́n ń rán. Bí ọdún Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, wọn kì í sùn nítorí agbádá àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà. Síbẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà kankan, wọ́n á kọ́kọ́ pe gbogbo àwa ọmọ ilé jọ, wọ́n á fi téépù wọ̀n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé kan báyìí. Tèmi wà nínú ìwé yẹn lọ́dọọdún títí mo fi relé ọkọ. Lọ́jọ́ ìdána mi, àwọn ni ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá àwọn ló bí mi.

Wàyí o, àwọn ọ̀rẹ́ wọn àti àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ ṣe ìrántí ńlá: aṣọ ẹbí, àgọ́, olórin. Wọ́n ti ń dá owó aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde opó, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bọ̀ọ̀dá, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo fọ́tò sínú àpótí. Àwọn ọmọ ti fura, wọn kì í pe bàbá wọn lójú ìyá wọn mọ́. Àbíkẹ́yìn wọn, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wá bi mí pé, "Àǹtí, báwo ni ohùn Dádì mi ṣe rí?"

Ohùn wọn wà lórí WhatsApp mi. Àdúrà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ ọ láìsọ fún ìyá rẹ̀? Àti pé èmi tí mo jẹ́ àna lásán, ṣé mo lẹ́nu láti sọ fún ẹbí ọkùnrin pé òde tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn?

Ọmọ Aláre: Ẹ kú aráfẹ́rakù. Ọlọ́run á tu yín nínú, á bá yín wo àwọn ọmọ náà.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ọmọ mi, ta ló ní àna lásán ni ọ́? Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé, ọmọ ilé ni. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o ti sọ ti ọ̀rẹ́, o ti sọ ti ẹbí, o ti sọ ti opó, o sì kàn fi ẹnu kan ìyá tó bímọ kọjá ni. Ìyá yẹn wà láyé! Òkú ọ̀fọ̀ lèyí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, òbí kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó jókòó sábẹ́ àgọ́ kí wọ́n máa náwó fún olórin lójú rẹ̀. Ta ló ti bi í ní ohun tó fẹ́? Lọ bá a. Bí òun bá sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí tó máa bi ọ́ pé kí ló kàn ọ́.

Ará Ìpẹru: Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Màmá, àmọ́ ẹ má ka àwọn ọ̀rẹ́ yẹn sí aláṣejù. Ó ń dun àwọn náà. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba ló kú sí wọn lọ́wọ́, ibi tí wọ́n sì mọ̀ pé à ń kó ara jọ sí ni òde. Ẹ fún wọn ní nǹkan mìíràn ṣe, wọ́n á ṣe é tayọ̀tayọ̀. Bí ẹ bá kàn ní kí wọ́n jáwọ́, ìjà ni yóò dà.

Olóbì Ṣágámù: Opó ni èmi náà, nítorí náà mo fẹ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n yín. Kì í ṣe orúkọ ọkọ rẹ̀ ló ń sá fún. Ohùn táwọn èèyàn fi ń pè é ló ń sá fún. Nígbà tèmi, gbogbo ẹni tó bá wọlé á káwọ́ lérí, á ní, "Háà, ọkùnrin dáadáa!", á sì máa wo ojú mi bóyá màá sunkún. Ó sú mi débi pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á mọ́. Lọ́jọ́ kan, Hausa kan tó ń ra obì lọ́wọ́ wa ní Sábó jókòó tì mí, ó ń sọ bí ọkọ mi ṣe máa ń yọ́ obì tó dáa jù sí àpò tirẹ̀, tí á sì díbọ́n pé òun ò mọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé mi.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ohùn náà ní kọ̀rọ̀. Ọmọ kékeré ni, ẹ ò gbọdọ̀ gbé àṣírí tí yóò máa fi pamọ́ fún ìyá rẹ̀ lé e lórí. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ohùn náà wà, pé ọmọ ń béèrè. Kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ sí i létí o. Ẹ kàn sọ pé ó wà, kí ẹ sì dákẹ́. Yóò pè yín fúnra rẹ̀.

Oníṣẹ́ Fóònù: Ẹ tètè da ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà àti Google Drive, kó wà níbi méjì. Bí àkáǹtì WhatsApp bá wà fún 120 ọjọ́ láìsí ẹni tó lò ó, wọ́n máa ń pa á rẹ́. Èyí tó ti wọ fóònù tiyín kì í bá a lọ, àmọ́ fóònù ń bàjẹ́, olè sì wà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Olóbì, mo ka tiyín lákàtúnkà. Nǹkan kan wà tí mi ò sọ: ọmọṣẹ́ Bọ̀ọ̀dá kan wà tó kù díẹ̀ kó gba fírídọ̀mù nígbà tí wọ́n kú. Àwọn òbí rẹ̀ ń béèrè ẹni tí yóò gbà á fún un. Ìwé ìwọ̀n yẹn náà, ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Alhaja, Ìjẹ̀bú-Òde: Allāhu Akbar! Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ànábì, kí ikẹ́ Ọlọ́run máa bá a, sọ fún wa pé bí ọmọ ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró àfi ohun mẹ́ta: sàráà tí kì í tán, ìmọ̀ tí àwọn èèyàn ń jàǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tó ń ṣàdúrà fún un. Ọmọṣẹ́ yẹn ni ìmọ̀ tó fi sílẹ̀. Ẹ gba owó aṣọ ẹbí yẹn, ẹ fi ra maṣíìnì fún un, ẹ pe alùfáà kí wọ́n ké Kùránì, kí ẹ se oúnjẹ fún àdúgbò, kí àwọn ọ̀rẹ́ yẹn sì gbé maṣíìnì náà lé e lọ́wọ́ ní gbangba. Ohun tí ará Ìpẹru ní kí ẹ fún wọn ṣe nìyẹn. Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ aṣọ àwọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀, kó wọ̀n wọ́n sínú ìwé yẹn bí ọ̀gá ṣe ń ṣe.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Alhaja, ẹ ṣé é. Ọmọ mi, má fi fóònù bá ìyá Bọ̀ọ̀dá sọ ọ́. Mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dání, kí o dé ibẹ̀ láàárọ̀ kí àlejò tó pọ̀. Má bẹ̀rẹ̀ látorí òde. Kọ́kọ́ ní kó sọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí ní kékeré fún ọ, kí o jẹ́ kó sọ ọ́ títí yóò fi tó o. Lẹ́yìn náà ni kí o wá sọ ti maṣíìnì. Ohun tó bá wí, wá sọ fún wa níbí.