Ọmọ tó ń ti ọ̀dọ̀ màmá àgbà padà bọ̀ l'Abuja: báwo la ṣe máa gbà á tí kò fi ní dápàá sí i lọ́kàn?

Ìyá Fèyí, Kubwa: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, tó ti wà lọ́dọ̀ màmá àgbà n'Ìbàdàn láti ìgbà tó wà lọ́mọ oṣù 10, ń bọ̀ kí ilé ìwé tó wọlé. Kí ló yẹ ní ṣíṣe?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Kí màmá àgbà fúnra wọn mú un wá, kí wọ́n dúró tó ọ̀sẹ̀ 2. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ni kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ, kí ìyá tó bí i máa gbé ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fún wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ pààrọ̀ ipò.

Ọjọ́ tí màmá ń padà sílé gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á yọ́ jáde láago 5 ìdájí kí ọmọ má bàa sunkún. Ọmọ á jí, kò ní rí wọn, á sì gbà pé tóun bá ti sùn, ẹni tóun fẹ́ràn lè pòórá. Ìgbà náà lẹ máa rí i tó ń bá oorun jà, tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Kí màmá dágbére fún un lójúkojú. Tó bá ń sunkún, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ má sọ pé kó panu mọ́.

Bọ̀dá Barnawa: Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́. James Robertson àti John Bowlby, àwọn olùwádìí nípa ọmọdé, ṣàkíyèsí àwọn ọmọ tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ọdún 1950 sí 1960: ọmọ bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ ké, á sọ̀rètí nù, lẹ́yìn náà á dákẹ́ bíi pé kò kàn án mọ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń tan àwa Yorùbá jẹ. A ó ní "ọmọ yìí gbọ́n, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu." Òun náà lè di àgbàlagbà tí ebi máa pa mọ́lé tí kò ní béèrè, tó jẹ́ pé bí aya rẹ̀ bá rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tutù sí i kó tó dé.

Tó bá ń pe ìyá rẹ̀ ní "Àǹtí", ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má bi í pé "ta ló bí ẹ, èmi àbí màmá?" Ìbéèrè ìkà ni.

Ìyá Fèyí: Ẹ ṣé sà. Tó bá wá ń tọ̀ sílé ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Kò tíì pé ọdún 5, kì í ṣe àìsàn. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ aṣọ ibùsùn, kó lọ tọ̀ kó tó sùn. Ẹ má nà án, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹ gba ìró kan lọ́wọ́ màmá, ẹ má fọ̀ ọ́, òórùn wọn ló fẹ́ máa gbọ́ lórí ibùsùn. Kí wọ́n máa pè láago 7 alálẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, kí wọ́n má sì bi í bóyá wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́.

Álífà Sabon Gari: Yorùbá ni kí ẹ fi máa bá a sọ̀rọ̀ nílé o. Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa á bá a ní kíláàsì. Ẹ kọ́ tíṣà rẹ̀ ní "mo fẹ́ tọ̀" àti "ebi ń pa mí".

Bọ̀dá Barnawa: Tó bá tó oṣù 2 tí kò sọ̀rọ̀, tí kò jẹun dáadáa, ẹ gbé e lọ rí dókítà àwọn ọmọdé ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Gwagwalada. Ẹ rántí gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n lè béèrè rẹ̀.